Òjò tí ó ti ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ṣí i: ojú ọjọ́ nínú ìtàn Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí ó máa ń rú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lójú, èyí ni hivernage. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn, hiver ni ìgbà òtútù ilẹ̀ Faransé, nígbà tí ewé ti rẹ̀ tán lára igi, tí òjò dídì sì bo òrùlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà, wọn a rí i pé hivernage tí ibí kì í ṣe ìgbà òtútù rárá. Ìgbà òjò ni. Ìgbà òtútù tiwa, èyí tí à ń pè ní ọyẹ́, bọ́ sí àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ tí ó bá béèrè bí orúkọ òtútù ṣe di orúkọ òjò kò ṣe àṣejù.

Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ àti àwọn ọmọ ogun ni ìdáhùn wà. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ìgbà òtútù ni ọkọ̀ ojú omi máa ń wọ èbúté lọ sinmi, tí àwọn jagunjagun sì ń padà sí àgọ́ wọn títí ojú ọjọ́ yóò fi dára. Nígbà tí àwọn Faransé dé etíkun Áfíríkà, wọ́n rí i pé òjò ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn níbí. Òjò ni ó ń dá ìrìn-àjò dúró, òun ni ó sì ń mú kí jagunjagun gbé ohun ìjà kọ́. Wọ́n bá mú orúkọ náà, wọ́n fi pe òjò. Lójú tiwa, òótọ́ kan fara pamọ́ sínú ìpè yìí, òun ni a sì fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ àwọn baba wa, kí a tó béèrè ẹni tí ó jọba, ó yẹ kí a béèrè oṣù tí òjò dá, àti ibi tí omi wà nígbà náà.

Láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́ kò tó kìlómítà 200 bí ẹyẹ bá fò ó. Èdè kan náà ni à ń sọ, bí ohùn tilẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Òjò wa ni kò rí bákan náà. Ní Àjàṣẹ́, òjò ńlá a máa bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹrin, a máa pọ̀ jù nínú oṣù kẹfà, a sì máa rọlẹ̀ bí oṣù keje bá ń parí lọ. Oṣù kẹjọ a wá dákẹ́: ojú ọ̀run a ṣú, afẹ́fẹ́ a tutù, ṣùgbọ́n òjò kò ní rọ̀ tó nǹkan. Lẹ́yìn èyí ni òjò kékeré yóò padà, láti oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kọkànlá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí a bá gòkè dé Kétu, ìsinmi oṣù kẹjọ yẹn ṣì wà, ṣùgbọ́n òjò kejì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Bí a bá dé Ṣábẹ̀ẹ́, òjò méjèèjì ti súnmọ́ ara wọn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹyọ kan, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn gbáko.

Iye omi gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Àjàṣẹ́ ń gba nǹkan bí mílímítà 1300 lọ́dún, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń gba nǹkan bí 1100. Ìgbà tí ó ń rọ̀ ni ó ya àwọn ìlú náà sọ́tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tí ó bá súnmọ́ òkun ni òjò ń rọ̀ fún jù: Lomé tí ó jókòó sétí òkun kì í sábà rí 900, nígbà tí àwọn ará wa ní Àtakpamé, tí wọ́n wà láàrin òkè, ń rí jù ú lọ dáadáa. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti fi orúkọ Dàhòmì pe àlàfo yìí, níbi tí pápá ti la àárín igbó kìjikìji kọjá títí dé òkun.

Ọyẹ́ náà kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń gbé eruku bọ̀, láti oṣù kejìlá wọ oṣù kejì. Ní Àjàṣẹ́, atẹ́gùn òkun ń tì í padà. Ọjọ́ mélòó kan ni ó ń lò, aṣọ tí a sá a gbẹ kíákíá, ojú ọ̀sà a ṣe bàìbàì, ó parí. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó máa ń jókòó bí àlejò tí ó mọ ilé. Ní òwúrọ̀, àgbàlagbà a yí iná ká. Ní ọ̀sán, oòrùn a mú ganrínganrín. Ètè a là, gìgísẹ̀ a sán, àwọn òkè àpáta tí ó yí ìlú ká a sì fara sin sínú eruku. Òrí ni wọ́n ń fi pa ara. Igi òrí kì í hù ní àgbègbè Àjàṣẹ́. Ní pápá òkè ni ó ń hù, ní ọ̀nà ibi tí ọyẹ́ ti ń wá, kí àwọn ìyá alájàpá tó gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí ọjà ìsàlẹ̀. Kí páànù tó dé, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé ní Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà tí ìsàlẹ̀ ń lo imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé ògùrọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹta iná kan ṣoṣo tó láti jó odidi agbo ilé. Iṣu pàápàá mọ ọyẹ́ lójú. Nígbà tí òjò bá ń parí lọ, tí ilẹ̀ kò tíì le, ni wọ́n ń kọ ebè rẹ̀. Wọ́n a gbìn ín nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n a sì fi koríko dé orí ebè kí oòrùn má bàa sun irúgbìn. Àgbẹ̀ Àjàṣẹ́ tí ó bá lọ gbin nǹkan ní oṣù kìíní yóò di ẹni ẹ̀rín.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Kétu ni ẹ̀ẹ̀rùn ń fi ìyà jẹ jù. Orí ilẹ̀ gíga tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Omi inú ilẹ̀ jìn, kò sì sí odò ńlá nítòsí odi. Omi òjò ni àwọn ìyá ilé ń gbà láti etí òrùlé sínú ìkòkò ńlá; bí ìyẹn bá tán, a di ìrìn jíjìn lọ sí ibi adágún, agbè lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìlú olódi. Odi Kétu àti yàrà rẹ̀ lókìkí, ẹnu-bodè rẹ̀ tí à ń pè ní Àkàbà Ìdènà sì ṣì wà títí di òní. Odi lè dá ọ̀tá dúró, ṣùgbọ́n kò lè pọn omi fún ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọba Abomey mọ oṣù tí ó yẹ kí wọ́n jáde. Lẹ́yìn ìkórè ni ọmọ ogun Dàhòmì máa ń dìde, nígbà tí ọ̀nà ti gbẹ, tí odò ṣeé fi ẹsẹ̀ là kọjá, tí oúnjẹ sì wà nínú àká àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú. Wọ́n a padà sílé kí òjò tó sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọlu Abẹ́òkúta: ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851 lábẹ́ Ghézo, àti ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1864 lábẹ́ Glèlè. Ọdún mẹ́tàlá wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n oṣù kan náà ni, oṣù tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ. Àwọn òpìtàn a máa ka iye ìbọn, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àwọn obìnrin jagunjagun Abomey. Ó yẹ kí wọ́n máa ka oṣù pẹ̀lú.

Abẹ́òkúta borí nígbà méjèèjì. Ti Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1883, Dàhòmì bá ìlú náà lójijì nígbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti jáde lọ. Ní 1886, wọ́n padà wá, wọ́n yí odi ká, wọ́n sì jókòó tì í. Ohun tí àwọn àgbà Kétu ń sọ ni pé ebi àti ẹ̀tàn ni ó ṣí ẹnu-bodè, kì í ṣe agbára ìbọn. Wọ́n sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Fún ọdún mélòó kan, ibi tí Alákétu ti ń jókòó di ahoro.

Kò jìnnà sí ibẹ̀, láàrin Kétu àti Pọ́bẹ̀, ilẹ̀ kan wà tí òjò ṣe ojú rere sí lọ́nà mìíràn. Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ni. Amọ̀ dúdú ni ó kún ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ náà a le bí òkúta, a sì là káàkiri. Nígbà òjò, a mu omi títí yóò fi di ẹrẹ̀ tí ń gbé ẹsẹ̀ mì, ọ̀nà a sì pòórá lójú àlejò. Kétu ní odi alámọ̀. Òjò ni odi Ọ̀họ̀rí. Nígbà tí àwọn Faransé gba ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń gba owó orí, tí wọ́n sì ń fi agbára kó àwọn ọmọkùnrin fún ogun àgbáyé kìíní, àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì dìde ogun. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú ti kọ̀wé nípa ìṣọ̀tẹ̀ wọn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976, lórí ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀ oòrùn lábẹ́ àwọn òyìnbó. Ìgboyà wọn kò kéré, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé amọ̀ náà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀ sí Kétu kọjá nínú oṣù kẹfà, kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i, yóò rántí bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń rì títí dé ikùn, tí èrò a sì sùn sí ojú ọ̀nà.

Ìyókù ìtàn Kétu ń bẹ lójú omi. Òjò Ṣábẹ̀ẹ́ kì í dúró sí Ṣábẹ̀ẹ́. Odò Ọ̀pàrà ń gbé e lọ sínú Wẹ̀mẹ̀, Wẹ̀mẹ̀ tí ó ti ń bọ̀ láti òkè réré ń gbé e lọ sí ọ̀sà. Omi tí ó rọ̀ ní òkè nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí Àjàṣẹ́ ń sinmi òjò tirẹ̀, ni ó ń kún ìsàlẹ̀ odò ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Àwọn ará àfonífojì Wẹ̀mẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń retí rẹ̀: omi a wọlé, ẹja a tẹ̀ lé e, bí omi bá sì fà, wọ́n a gbin nǹkan sórí ẹrẹ̀ ọlọ́ràá tí ó fi sílẹ̀. Ní 2010, ó pọ̀ ju bí wọ́n ti ń retí rẹ̀ lọ, ó sì kó ilé àti oko lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1892, tí í ṣe ìgbà ogun Dàhòmì bí ìṣe wọn, àwọn ọmọ ogun Béhanzin yìnbọn lu ọkọ̀ Topaze tí ó gbé gómìnà Victor Ballot lórí Wẹ̀mẹ̀. Ilẹ̀ Faransé rán Alfred Dodds wá. Ọmọ bíbí Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà ni Dodds, níbi tí ọ̀rọ̀ hivernage ti wọ́pọ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú oṣù kẹjọ ni ó kúrò ní Àjàṣẹ́, ìlú ọba Toffa, ó sì tọ etí Wẹ̀mẹ̀ lọ sókè, tí àwọn ọkọ̀ oníbọn ń bá a rìn lójú omi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi kì bá tí jìn tó láti gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé. Omi òkè, tí òjò Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, ni ó gbé ìbọn ńlá àwọn Faransé. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, wọ́n jà ní Dogba létí odò náà, láàárín ìgbà tí àwọn ọba Abomey ti máa ń jẹ́ kí ogun sinmi. A kò sọ pé òjò ni ó ṣẹ́gun Béhanzin. Ìbọn ìgbàlódé pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá rẹ̀. Hivernage náà sì gba ẹ̀san tirẹ̀, nítorí àìsàn pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Faransé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, nígbà tí omi ti ń fà, Dodds wọ Abomey. Àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n wà lẹ́rú níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà ilé, wọ́n sì fi Alákétu tuntun jẹ ní 1894. Odi ti wó, igbó ti bo agbo ilé, wọ́n sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ kọ́. Omi jìn síbẹ̀ bí ó ti jìn tẹ́lẹ̀. Títí di ìgbà tí kànga ẹ̀rọ fi dé, etí òrùlé ni àwọn ìyá ilé Kétu ń gbé ìkòkò sí nígbà tí òjò bá ṣú.