Ìtàn Tó Wà Nídìí RAM Tí Ẹ Fẹ́ Fi Kún Kọ̀ǹpútà Yín

Tí kọ̀ǹpútà bá ń fà bí ìgbín, ìmọ̀ràn tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tún un ṣe, ìbáà jẹ́ ní Ìwó Road tàbí ní Mọ́níyà, ni pé, "Ẹ fi RAM kún un." Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ìdí ọjà báyìí, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í tò: DDR mélòó? Ti láptọ́ọ̀pù ni àbí ti désíkítọ́ọ̀pù? Sílọ́ọ̀tì mélòó ló ní? Ṣé ó tiẹ̀ ṣe é fi kún? Ọ̀pọ̀ wa ka àwọn ìbéèrè yìí sí wàhálà àwọn ẹlẹ́rọ. Èmi tí mo ń kọ kóòdù jẹun, ojú ìtàn ni mo fi ń wò wọ́n. Òfin kọ̀ọ̀kan tó de RAM ló ní ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ìdí tí wọ́n fi bí i. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn, wọn ò ní rí i rẹ́ jẹ lọ́jà, á sì mọ ohun tí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ wo ìyá tó ń ta èlùbọ́, ẹ̀wà àti gàrí lọ́jà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn, níbi tí àwọn àpò wà, ó sì ní àtẹ níwájú. Ohun tó wà lórí àtẹ ló lè wọ̀n fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Háàdì dísíìkì ni ṣọ́ọ̀bù yẹn: iná ìbáà lọ, ẹrù ṣì wà níbẹ̀. RAM ni àtẹ: iná lọ báyìí, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ti pòórá. Tí àtẹ bá kéré tí oníbàárà sì pọ̀, ìyá á máa sáré wọlé, á máa sáré jáde. Ohun tí kọ̀ǹpútà 4 GB ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí ẹ bá ṣí Word, WhatsApp àti ojú ewé mẹ́wàá lórí Chrome lẹ́ẹ̀kan náà. Fífi RAM kún un, fífẹ àtẹ ni. Kò sọ ọwọ́ ìyá di mẹ́rin, kò sì fi àpò kankan kún ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mẹ́mọ́rì jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀

Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa. Ní 1963 ni ilé iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ níwájú géètì yunifásítì yẹn, Òjóò ló máa gbà kọjá, kò sì ní pẹ́ dé Mọ́níyà. Iṣẹ́ ìṣirò èsì ìkànìyàn 1962 sí 1963 náà wà lára ohun tó gbé kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà.

Láyé ìgbà náà, mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà kì í ṣe ṣíìpù. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ló rí, mi ò fi òwe sọ ọ́ o. Àwọn òrùka tíntìntín tó ń gba agbára òòfà ni, wọ́n sì fi wáyà bàbà tín-ín-rín la àárín wọn kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń di ẹyọ 0 tàbí 1 mú. Ọwọ́ ènìyàn, tó sábà máa ń jẹ́ ọwọ́ obìnrin, ló ń sín wọn ní iléeṣẹ́, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.

IBM 1401, tó jáde ní 1959, wà lára àwọn kọ̀ǹpútà tó tà jù lásìkò náà. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà 1,400, èyí tó sì pọ̀ jù tó lè gbà ni 16,000. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá 4,000, odindi àpótí mìíràn, IBM 1406, ni wọ́n máa gbé wá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àròkọ tí ẹ ń kà yìí kò lè wọ inú 4,000 yẹn. RAM 8 GB tí ẹ lè fi ìka méjì mú lónìí ju ìlọ́po 500,000 ti 16,000 yẹn lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo 1401, yíyá ni wọ́n ń yá a lọ́wọ́ IBM, ẹlẹ́rọ IBM ló sì ń ṣí i. Ẹni tó ń sanwó kì í fọwọ́ ara rẹ̀ fi nǹkan kan kún un.

Lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí mẹ́mọ́rì olóòrùka yìí ni An Wang, ọmọ Ṣáínà tó lọ kàwé ní Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní 1951 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Wang Laboratories. Ní 1956 ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà fún IBM ní $500,000. Ẹ fi orúkọ Wang sọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀.

Korobá tó ń jò

Ní 1966, Robert Dennard, ẹlẹ́rọ kan ní IBM, ronú kan ọ̀nà tuntun: kí ẹyọ 0 tàbí 1 kọ̀ọ̀kan wà nínú nǹkan tíntìntín kan tó ń gba iná dúró, bí omi nínú korobá. Korobá yìí ń jò, torí náà kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa tún omi bù sí i kó tó gbẹ. Nínú RAM òde òní, ó kéré tán ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń tún un bù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ti wá rí ìdí tí ohun tí ẹ kò tíì tọ́jú fi ń lọ nígbà tí NEPA bá mú iná: kò sí ẹni tó ń bu omi mọ́.

Ọ̀nà yìí rọrùn, kò sì wọ́n. Ní 1970, Intel gbé ṣíìpù 1103 jáde, ẹyọ 1,024 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí IBM PC dé ní 1981, ó bẹ̀rẹ̀ láti 16 KB. Ẹni tó ni ín lè fọwọ́ ara rẹ̀ fi kún un wàyí, àmọ́ ṣíìpù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni yóò máa rà, yóò máa tẹ̀ wọ́n bọ ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ kan ká, ó parí.

Wang ló tún yọjú. Ní 1983, ilé iṣẹ́ Wang Laboratories kó ṣíìpù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọ sórí bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó ní eyín létí, tí ènìyàn lè kì bọ sílọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí RAM tí à ń rà lọ́jà ṣe gba ìrísí rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mẹ́mọ́rì fẹnu kò nínú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ JEDEC pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo àwọn yóò máa lò. Ìfẹnukò yẹn ló jẹ́ kí RAM tí wọ́n yọ nínú Dell lè wọ inú HP.

Ibẹ̀ ni DDR ti wá. DDR àkọ́kọ́ dé ní 2000, DDR2 ní 2003, DDR3 ní 2007, DDR4 ní 2014, ìlànà DDR5 sì jáde ní 2020. Iná tí wọ́n ń jẹ kò dọ́gba: DDR3 ń jẹ 1.5 volt, DDR4 ń jẹ 1.2, DDR5 ń jẹ 1.1. Kí ẹnikẹ́ni má baà fi èyí sí ibi tọ̀hún, wọ́n gé àlàfo kékeré kan sáàárín eyín, ibi tó wà sì yàtọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí RAM bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Àlàfo yẹn ló ń sọ fún yín pé kì í ṣe ibi tirẹ̀.

Bí tòkunbọ̀ ṣe pẹ́ láyé

Ní 2005, àjọ Basel Action Network tẹ ìròyìn kan jáde lórí ọjà kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Èkó. Wọ́n ní bíi kọ̀nténà 500 ló ń wọlé lóṣù. Àwọn oníṣòwò sì sọ fún wọn pé èyí tó tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù náà ni kò ṣe é tún ṣe, tí kò sì ṣe é tà. Ìdọ̀tí ayé ni wọ́n ń dà sí wa lọ́rùn, ká má pa irọ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà àti káàkiri ìlú mọ ohun kan: kọ̀ǹpútà tó kú lè fi RAM rẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó ṣì wà láàyè.

Ohun tó mú kí èyí ṣe pàtàkì ni pé sọ́fítíwíà kì í yó. Kí Windows 95 tó ṣiṣẹ́, 4 MB ni Microsoft ní kí ẹ ní, ó kéré tán. Windows XP ní 2001 béèrè 64 MB. Windows 7 ní 2009 béèrè 1 GB. Windows 11 ní 2021 béèrè 4 GB, ẹni tó sì ti lò ó lórí 4 GB mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Wọ́n ń ṣe sọ́fítíwíà fún ẹni tó ń ra kọ̀ǹpútà tuntun lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọ Lálúpọn tàbí Àkànràn tó ń múra JAMB, ìdánwò tó ti di ti orí kọ̀ǹpútà fún gbogbo ènìyàn láti 2015, tòkunbọ̀ tí ẹlòmíì ti lò tán ló wà níwájú rẹ̀. Sílọ́ọ̀tì RAM ni afárá tó wà láàrin ayé méjèèjì.

Ó ya, ẹ ṣí i

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ Memory. Ẹ máa rí iye RAM tó wà níbẹ̀ àti iye sílọ́ọ̀tì tí wọ́n ti lò. Lójú Form factor, tó bá kọ SODIMM, kékeré ti láptọ́ọ̀pù ni. DIMM ni gígùn ti désíkítọ́ọ̀pù. Tó bá kọ Row of chips, ẹ dúró ná, a ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ẹ fi orúkọ kọ̀ǹpútà yín wá iye tó lè gbà àti irú DDR rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí Windows yín bá jẹ́ 32-bit, kò lè lo ju 4 GB lọ, torí náà ẹ má fowó ṣòfò.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣe é yọ, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù lè jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin kí ẹ tó fọwọ́ kan RAM, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí iná tó ń ta wá lára nígbà ọyẹ́ tó láti ba ṣíìpù jẹ́. Ẹ má di eyín rẹ̀ mú. Etí ni kí ẹ dì mú. Ti láptọ́ọ̀pù, ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kì í bọlé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi gbá a mú. Ti désíkítọ́ọ̀pù, òòró ni, títí ẹ fi máa gbọ́ "kà!" Tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ pa á, ẹ yọ RAM, ẹ tún un kì dáadáa. Ó lè máà jókòó re ni.

Ilẹ̀kùn tó ń tì

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Row of chips. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi òjé jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù. MacBook Pro Retina ti 2012 ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ mìíràn náà ń ṣe é, nígbà tó sì di 2020, Apple kó mẹ́mọ́rì M1 sínú àpò kan náà pẹ̀lú ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ìdí: ó ń yára, kì í jẹ bátìrì, kò sì gba àyè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí 1401 wà ni a tún ń padà sí, tí ẹni tó ra nǹkan kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ fi kún un.

Iye owó náà ń le sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ AI ń ra mẹ́mọ́rì wọ̀ǹtìwọnti, àti ní December 2025, Micron kéde pé òun máa dáwọ́ dúró lórí Crucial, RAM tí òun ń tà fún àwa ará ilé.

Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń rà tuntun ní London lónìí ló máa di tòkunbọ̀ ní Ẹgbẹ́dá lọ́dún márùn-ún sí i. Tí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 8 GB tí wọ́n ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù, 8 GB ló máa kú sí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá lọ ra tòkunbọ̀, ẹ má jẹ́ kí ara rẹ̀ tó ń dán nìkan fà yín mọ́ra. Ẹ ní kí wọ́n tàn án, ẹ ṣí Performance, kí ẹ wo Form factor àti iye sílọ́ọ̀tì tó ṣófo. Èyí tó wúwo díẹ̀ tó ní sílọ́ọ̀tì méjì lè bá yín dé ibi tí èyí tó fẹ́lẹ́ kò ní dé. Ìlẹ̀kùn ò tíì tì tán, ẹ tètè wọlé.