Ohun Àjùmọ̀lò àti Ìgbìmọ̀ nínú Ìtàn Ìgbaniwọlé sí Yunifásítì: Ẹ̀kọ́ fún Òṣìṣẹ́ Tuntun ní Agbègbè Lekki àti Ajah

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá ipò òṣìṣẹ́ tuntun tí a gbà sí ẹ̀ka ìgbaniwọlé yunifásítì mu wẹ́kú. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè mọ ọ̀gá rẹ̀, kí ó mọ iye owó ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì mọ gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀, síbẹ̀ kí ó má mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun èlò tí òun yóò fi ṣiṣẹ́ kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ òun nìkan. Ó sì lè má mọ̀ pé ìpinnu tí òun yóò máa kéde fún àwọn òbí kì í ṣe ìpinnu ẹnì kan ṣoṣo.

Agbègbè Lekki àti Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere. Ní ojú ọ̀nà tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìmọ̀ òwò di yunifásítì tí ń gba ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì. Ní apá Ẹ̀pẹ́ tí ọ̀nà náà já sí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kan di ara yunifásítì. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ ohun àjùmọ̀lò àti ìgbìmọ̀ ìgbaniwọlé láti ọdún 1948 títí di àsìkò yìí. Kókó tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ohun àjùmọ̀lò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi han òṣìṣẹ́ tuntun kí a tó fi tábìlì tirẹ̀ hàn án, nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń san gbèsè àìmọ̀ rẹ̀.

Ìgbaniwọlé kí JAMB tó dé

Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, òun nìkan ni irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìdánwò tirẹ̀ ni ó ń ṣe, ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ni ó sì ń yan ọmọ. Láàrin ọdún 1960 sí 1962, ti Nsukka, ti Zaria, ti Ifẹ̀ àti ti Èkó dìde. Ti Benin tẹ̀lé wọn ní ọdún 1970. Ọdún 1962 yìí kan náà ni Ìgbìmọ̀ àwọn Gíwá yunifásítì bẹ̀rẹ̀, ọdún náà sì ni a dá Àjọ tí ń mójú tó Yunifásítì, ìyẹn NUC, sílẹ̀. Èyí fi hàn pé láti ìgbà tí yunifásítì ti ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ti rí i pé ó yẹ kí àwọn máa jókòó pọ̀.

Ṣùgbọ́n ní ti ìgbaniwọlé, olúkúlùkù ṣì ń ṣe tirẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, owó tirẹ̀ àti ìdánwò tirẹ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ fi gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan ní láti ra fọ́ọ̀mù bíi mélòó kan. Ọmọ tí ó bá mọ̀wé dáadáa lè gba àyè ní yunifásítì méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè tí kò bá lò yóò ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn jókòó sílé tí ó ń wá àyè kiri. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ìgbaniwọlé ìgbà náà kò mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn lè jọ wò láti mọ ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti gbà.

Ìṣòro náà le sí i ní ọdún 1975, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde yunifásítì méje mìíràn, tí gbogbo wọn sì di mẹ́tàlá. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ M. S. Angulu láti yẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé sí yunifásítì wò. Láti inú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni JAMB ti jáde, pẹ̀lú òfin kejì ọdún 1978. Angulu fúnra rẹ̀ ni Akọ̀wé Àgbà àkọ́kọ́ fún àjọ náà. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú. Ọdún 1961 ni àwọn yunifásítì ibẹ̀ dá àjọ UCCA sílẹ̀ kí fọ́ọ̀mù kan lè tó fún gbogbo wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó dàpọ̀ mọ́ àjọ mìíràn láti di UCAS. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí yunifásítì kan kò lè dá ṣe ni a kó lé ọwọ́ àjọ tí gbogbo wọn jọ ní.

Agbára JAMB àti agbára Sẹ́nẹ́ẹ̀tì

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀: ta ni ó ni ọmọ tí a ń gbà wọlé? Nínú òfin àwọn yunifásítì wa, Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ni ó ní àṣẹ lórí ìgbaniwọlé. Òfin JAMB náà sì ní kí àjọ náà máa fi ọmọ tí ó yẹ sí àyè, ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Lára ohun tí òfin náà ní kí a wò ni: iye àyè tí ó wà, ìlànà tí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí, àti ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yàn. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè dá gba ọmọ wọlé. Ẹnì kan ni yóò dábàá, ẹlòmíràn ni yóò fọwọ́ sí i.

Ìfà-mọ́ra-ẹni-lọ́wọ́ yìí fara hàn nínú ìtàn ìdánwò àfikún. Ní ọdún 2005, nígbà tí Chinwe Obaji jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, ìjọba gba àwọn yunifásítì láàyè láti yẹ ọmọ wò lẹ́yìn ìdánwò JAMB. Ní ọdún 2016 ìjọba dá a dúró. Ní ọdún 2017 ó tún padà. Òṣìṣẹ́ tí a gbà ní ọdún 2015, tí kò sì ka ìpinnu ìpàdé ìlànà ọdọọdún, yóò máa sọ ọ̀rọ̀ àná fún àwọn òbí òní.

Ọdún 2017 náà ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà tí ó ń jẹ́ CAPS. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò dábàá orúkọ níbẹ̀, JAMB yóò fọwọ́ sí i, ọmọ náà yóò sì gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní ọjà, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ṣì ní àyè ti lè rí ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ yàn kò gbà. Ọdún yìí kan náà ni ìpàdé ìlànà fi àyè sílẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa mú máàkì tirẹ̀ wá, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti lọ sílẹ̀ ju 120 fún yunifásítì tàbí 100 fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ní ọdún náà.

Láti Ajah dé Ibeju-Lekki

Ọdún 1991 ni Lagos Business School bẹ̀rẹ̀. Ogbà rẹ̀ wà ní ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ní Ajah. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti àwọn tí wọ́n ti gba oyè àkọ́kọ́ ni ó ń kọ́. Ní ọdún 2002, ilé-ẹ̀kọ́ náà gba ìwé àṣẹ yunifásítì lábẹ́ orúkọ Pan-African University. Ní ọdún 2013 orúkọ náà yí padà sí Pan-Atlantic University. Ní ọdún 2014 ni yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ sí gba akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́. Ogbà ńlá rẹ̀ wà ní Ibeju-Lekki, síwájú sí i ní ojú ọ̀nà kan náà.

Ìyípadà yìí ju ti ogbà lọ. JAMB kò ní ọwọ́ nínú gbígba akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń wá àgbà tí yóò kẹ́kọ̀ọ́ nípa òwò lè ṣètò ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fúnra rẹ̀, kí ó sì parí ìpinnu láàrin ọgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó fẹ́ oyè àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ di ti àjùmọ̀ṣe. Ìwé ìléwọ́ JAMB ni yóò sọ ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti ṣe. NUC ni yóò fọwọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà àti iye ọmọ tí ó lè gbà. CAPS ni orúkọ yóò gbà kọjá. Òṣìṣẹ́ tí ó bá mọ ọ̀nà àkọ́kọ́ dunjú ṣì jẹ́ àlejò ní ọ̀nà kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni ó ń bá ṣiṣẹ́.

Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì sí yunifásítì ní Noforija

Ní Noforija lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Otedola fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà. Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó da kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí pọ̀ mọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adeniran Ogunsanya láti dá Lagos State University of Education sílẹ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kò ṣàjèjì sí JAMB nígbà náà. Àtúnṣe òfin ti ọdún 1989 ni ó mú àwọn àti àwọn pólì wọ abẹ́ àjọ náà, ọdún 2010 sì ni ìdánwò di ẹyọ kan fún gbogbo wọn.

Síbẹ̀, àwọn tí a jọ ń ṣe ìgbìmọ̀ yí padà. NCCE ni ó ń mójú tó ẹ̀kọ́ NCE, NUC ni ó ń mójú tó oyè dìgírì. Ìwé-ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdírì tí ó tó fún NCE lè máà tó fún dìgírì, èyí tí ó ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún. Òṣìṣẹ́ tí kò kúrò lórí àga rẹ̀ bọ́ sínú ètò mìíràn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a rò pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìta nìkan ni òṣìṣẹ́ tuntun. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yí padà náà di tuntun.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ọmọ

Bí ohun àjùmọ̀lò bá bàjẹ́, gbogbo ilé ni ó ń kàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, JAMB jẹ́wọ́ ní gbangba pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà ìdánwò ọdún náà. Àwọn 379,997 ni a ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Nínú wọn, 206,610 wà ní Èkó, àwọn yòókù sì wà ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Lekki tàbí Ajah tí ó lè fúnra rẹ̀ tún máàkì bẹ́ẹ̀ ṣe. Ohun tí òṣìṣẹ́ ìgbaniwọlé lè ṣe ni pé kí ó mọ ibi tí ìròyìn tòótọ́ ti ń wá, kí ó sì má fi máàkì tí kò tọ̀nà lé ọmọ dànù.

Ìjàǹbá tí ó wọ́pọ̀ jù kéré ju èyí lọ, kì í sì í dé inú ìwé ìròyìn. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá lọ bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì sọ̀rọ̀, tí ó sì sọ fún ọmọbìnrin kan pé kí ó yan ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé láìbi í bóyá ìṣirò wà nínú ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ ṣe fún JAMB, ọdún kan odidi ti lọ. Bí ó bá ṣèlérí àyè ju iye tí NUC fọwọ́ sí lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò di irọ́. Bí a bá gba ọmọ kan láìgba inú CAPS, ó lè kàwé fún ọdún mẹ́rin kí ó tó mọ̀ pé orúkọ òun kò sí níbi tí NYSC ti ń wá a.

Nítorí náà, ìtàn yìí fi ètò tí ó yẹ kí ìfọ̀nàhàn òṣìṣẹ́ tuntun tẹ̀ lé hàn. Èkíní ni ìpinnu ìpàdé ìlànà ọdún náà. Èkejì ni ìwé ìléwọ́ àti sílábọ́ọ̀sì JAMB, tí ó gbọ́dọ̀ lè ṣí kí ó sì túmọ̀ fún òbí. Ẹ̀kẹta ni iye àyè tí NUC fọwọ́ sí fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹrin ni CAPS, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti wọ inú rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni àwọn ìgbìmọ̀ inú ilé-ẹ̀kọ́ láti ẹ̀ka títí dé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì: ta ni ó ń jókòó níbẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n ń pàdé, irú ìpinnu wo ni ó sì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dára kí òṣìṣẹ́ tuntun jókòó sí ẹ̀yìn nínú ìpàdé kan tàbí méjì kí a tó rán an jáde lọ bá òbí sọ̀rọ̀.

Ìgúnlẹ̀

Láti ọdún 1978, ìgbaniwọlé sí oyè àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti kúrò ní iṣẹ́ àdáṣe. Ìtàn Ajah, Ibeju-Lekki àti Noforija fi hàn pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá yí padà, ohun tí ó kọ́kọ́ ń yí padà fún òṣìṣẹ́ ni àwọn tí ó gbọ́dọ̀ bá jókòó àti ohun tí wọ́n jọ ń lò. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn olùkọ́ pẹ̀lú, àti àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di olùkọ́, nítorí pé àwọn ni ọmọ kọ́kọ́ ń bi léèrè ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí òun yàn. Olùkọ́ tí ó bá lè ṣí ìwé ìléwọ́ JAMB fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Ajah ti ṣe ìdajì iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbaniwọlé kí ọmọ náà tó ra fọ́ọ̀mù.