Ogun Hítílà àti Odò Barking: Ìtàn Tí Ó Wà ní Ẹnu Ọ̀nà Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Barking àti Dagenham kò kéré níye, ọ̀pọ̀ wa ni ó sì ń gba Ripple Road kọjá lójoojúmọ́. Bí àwọn ọmọ bá ti iléèwé dé pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá lórí Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òbí mìíràn a ní, "Ogun òyìnbó nìyẹn, kò kàn wá." Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo, láti èbúté àtijọ́ Barking ní etí odò Roding dé ibi ìsìnkú Rippleside, tó láti fi hàn bóyá ó kàn wá tàbí kò kàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí odò bẹ̀rẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford tó ṣí ní Dagenham ní 1931, ẹja ni Barking fi ń jẹun. Ní nǹkan bí 1850, ọkọ̀ ìpẹja tí ó wà níbẹ̀ lé ní 200. Samuel Hewett jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá wọn. Nígbà òtútù, wọn a jẹ́ kí omi bo pápá, omi náà yóò di yìnyín, wọn a kó o pamọ́, wọn a sì fi tọ́jú ẹja láti ojú òkun dé ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ẹ̀pẹ́, Ìlàjẹ tàbí Àgbádárìgì wá mọ̀ pé ìṣòro apẹja ni kí ẹja má bàjẹ́. Èéfín ni àwọn ìyá wa fi ṣe tiwọn. Yìnyín ni àwọn ará Barking lò. Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ní oṣù Kejìlá 1863, ìjì pa nǹkan bí 60 nínú àwọn apẹja wọn ní etíkun Họ́láńdì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹja láti Great Yarmouth wá sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọlọ́kọ̀ kó lọ sí agbègbè ibẹ̀, iṣẹ́ náà sì rọ ní Barking.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án 1939, ogun dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Dagenham wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ford, wọ́n ń sá fún bọ́ǹbù lọ sí Felixstowe, Lowestoft àti Great Yarmouth yẹn kan náà. Àwọn òbí wa tí wọ́n fi ọmọ fún òyìnbó alágbàtọ́ nígbà tí wọ́n ń kàwé níhìn-ín ní àwọn ọdún 1960, àti àwọn tí ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé, mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rí.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù yẹn, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣèèṣì yìnbọn lu ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n ṣebí ará Jámánì ni. Awakọ̀ òfuurufú kan, Montague Hulton-Harrop, kú sí i. Orúkọ Barking Creek ni wọ́n fi pe ìjà náà títí dòní, bẹ́ẹ̀ ìtòsí Ipswich ni ó ṣubú sí.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án 1940, àwọn ará Jámánì fúnra wọn dé. Nǹkan bí 350 ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù dojú kọ ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, odò Thames ni ó ń júwe ọ̀nà fún wọn. Ènìyàn lè pa iná ilé ní òru, ṣùgbọ́n ta ni yóò pa dídán odò? Àwọn èbúté jóná, wọ́n ju bọ́ǹbù lu ilé iṣẹ́ gáàsì Beckton. Ní Rippleside, ibi ìsìnkú tí wọ́n ṣí ní 1886, sàárè àwọn sójà ogun méjèèjì wà níbẹ̀.

Níbo ni tiwa wà? Ní etí odò mìíràn ni. Nǹkan bí 90,000 sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ jà ní Bọ́má. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Japan kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀ ní etí odò Kaladan, ìbọn sì fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, wà nínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Mùsùlùmí abúlé kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó ń bọ́ wọn, tí ó sì ń fi wọ́n pamọ́, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé bí àṣírí bá tú, ẹ̀mí òun àti ti ìdílé òun lọ. Fadoyebo padà sílé láàyè, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé, ó sì kú ní 2012.

Nítorí náà, bí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá jọ lọ sí Rippleside ní ọjọ́ Sátidé kan, kí a fi òkúta sàárè han àwọn ọmọ, kí a sì dárúkọ àwọn bàbá tiwa tí wọ́n sin sí Bọ́má, àti àwọn tí a kò rí sin. Kí a tẹ àwọn àgbà láago nílé, kí a bi wọ́n léèrè ta ni ó lọ nínú ẹbí, kí a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn tí ó fojú rí ogun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa yóò máa rò pé àlejò lásán ni òun nínú ìtàn ilẹ̀ yìí.

Elédùmarè kò ní jẹ́ kí a fojú rí ogun. Àmín.