Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo: Májẹ̀mú Láàárín Ìlú àti Odò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Inú òwe yìí ni ìtumọ̀ ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo wà.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti wí, ọ̀dá omi ló lé Láróoyè àti Olútìmẹ́hìn, ògbójú ọdẹ, pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé. Nígbà tí wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n gé igi kan. Igi náà wó sínú omi, ó sì fọ́ ìkòkò aró òrìṣà. Ọ̀ṣun kò lé wọn lọ. Ó ní kí wọ́n sún sókè kúrò létí odò, kí wọ́n sì máa bọ òun lọ́dọọdún. Òun náà yóò máa dáàbò bò wọ́n. Ẹja ni odò fi dá ọba lóhùn, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni oyè Àtáọ́ja ti ṣẹ̀: A-tẹ́wọ́-gba-ẹja.

Májẹ̀mú yìí ni ìlú ń sọ dọ̀tun ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Ìwọ́pópó, èyí tí í ṣe ìwẹ̀nùmọ́ ìlú, ló ń ṣíwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń tan iná olójú mẹ́rìndínlógún. Ní ọjọ́ àṣekágbá, Arugbá, ọmọbìnrin tí kò tí ì mọ ọkùnrin, yóò ru igbá ẹbọ láti ààfin lọ sí ojúbọ.

Èèwọ̀ ni láti ṣọdẹ, láti pẹja tàbí láti gé igi nínú igbó Ọ̀ṣun. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, jà fún igbó náà títí ó fi kú ní 2009. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìní orílẹ̀-èdè ní 1965. UNESCO sì fi í sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

Ṣùgbọ́n òfin tó ń ṣọ́ igbó kò ṣọ́ orísun omi. Èkìtì ni odò náà ti ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ń ṣàn wọ inú rẹ̀, omi sì ti pọ́n rúsúrúsú. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún, bẹ́ẹ̀ sì ni mímu omi yìí jẹ́ ara ohun tí àwọn olùbọ ń wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Òṣogbo nìkan. Odò kan náà ló ń ṣàn dé ìsédò Aṣéjìrè ní agbègbè Ẹgbẹ́dá, níbi tí Erúnmu wà, tí Ìbàdàn ti ń rí omi ẹ̀rọ, kí ó tó wọ inú ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Òrìṣà ń gba ẹbọ lọ́dọọdún. Ìdajì májẹ̀mú nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé kí omi ó mọ́.