Agogo Di Aago: Bí Ọmọ Yorùbá Ṣe Kọ́ Àkókò Kíkà

Bí ọmọ kan kò bá mọ aago, kò pẹ́ tí wọn yóò fi pè é ní olódo. Ìtàn fi hàn pé ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti ọmọ. Kí aago tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń mọ àkókò. Ohun tí ó dojú rú ni bí a ṣe gbé ẹ̀kọ́ tuntun ka orí ti àtijọ́.

Nínú agbo ilé, iṣẹ́ ni a fi ń kọ́ ọmọ ní àkókò. Àkùkọ kọ, ilé jí. Ní ìdájí, àwọn ọmọ gba ọ̀nà odò lọ pọnmi. Ní ìyálẹ̀ta, oòrùn ti ń mú lóko. Bí òjìji ọmọ bá kúrú sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ àti ọ̀gànjọ́. Ọmọ kò kọ́ ìwọ̀nyí ní àkọ́sórí. Ojú rẹ̀ ni ó rí wọn.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fi ti rẹ̀ kún un. Ìrun márùn-ún òòjọ́ ní àkókò tirẹ̀, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí àkókò ni ó sì di wákàtí lẹ́nu Yorùbá. Láti 1842 tí àwọn míṣọ́nnárì ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ìwé dara pọ̀ mọ́ agogo irin tí akéde ń lù kiri ìlú. Etí ni ọmọ ilé ìwé fi ń mọ àkókò. Ìdí nìyí tí ohun èlò tuntun náà fi jẹ́ orúkọ ohun tí ń dún. Ìpajẹ kọ́ńsónáǹtì àti àrànmọ́ fáwẹ̀lì ni ó sọ agogo di aago. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, etí nìkan kò tó mọ́. Ọkọ̀ náà kì í dúró de ẹni tí ń wo oòrùn.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà lé ní 800,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní aago nílé, síbẹ̀ ẹni tí ó bá pẹ́ yóò jẹgba. Aago sì ní ìṣòro tirẹ̀: ojú kan ni ó ní, òǹkà méjì ni ó wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ kúkúrú bá wà lórí 3, aago mẹ́ta ni. Bí ọwọ́ gígùn bá wà lórí 3 kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọmọ tí ó bá ka méjèèjì sí mẹ́ta kì í ṣe olódo. Ohun tí ó rí ni ó kà.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ lè tú ìṣòro yìí. Ìṣẹ́jú ni ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú àáyá sì kéré jù ú lọ. Òǹkà pẹ̀lú ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, Yorùbá ń fi kún ẹ̀wá. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń yọ kúrò lára ogún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni aago rí. Kí ọwọ́ gígùn tó dé ààbọ̀, a ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ré ààbọ̀ kọjá, a ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ tí ó mọ ìdí tí mọ́kàndínlógún fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ aago.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti irú èrò yìí lẹ́yìn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ gbogbo, àfi Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Àwọn tí ó ṣe aago pàápàá kò fi ọwọ́ méjì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ wákàtí nìkan ni ọ̀pọ̀ aago ayé àtijọ́ ní. Lẹ́yìn tí Christiaan Huygens, ará ilẹ̀ Họ́láǹdì, gbé aago tirẹ̀ jáde ní 1656 ni ọwọ́ ìṣẹ́jú tó di ohun tí ó wọ́pọ̀. Kí olùkọ́ náà kọ́kọ́ yọ ọwọ́ gígùn kúrò lára aago páálí rẹ̀. Kí ọmọ fi ọwọ́ kúkúrú mọ ìyálẹ̀ta, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ tí ó ti mọ̀ nílé. Lẹ́yìn náà ni kí ọwọ́ kejì wọlé. Ohun tí ó gba àwọn àgbà ayé ní ọ̀pọ̀ ọdún, kò yẹ kí a fi ẹgba kọ́ ọmọdé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.