Iṣẹ́ Òru Kérésì ní Mount Pleasant

Láàárín ọdún 1950 sí 1970, bí oṣù Kejìlá bá ti ń wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin tàbí ìṣirò owó ló mọ ibi tí wọ́n ti lè rí owó díẹ̀: pósófíìsì. Káàdì Kérésì á ti ya wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò sì ní lè dá a ká. Wọ́n á wá gba èèyàn kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn fún iṣẹ́ òru. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí Kérésì bá ti dé, iṣẹ́ tán. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà tó ṣe é léèrè: tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n ń sọ ọ́, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n sì máa ń ròyìn kí wọ́n tó kan owó.

Mount Pleasant ló lókìkí jù nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí ilẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n Coldbath Fields, tí wọ́n tì pa lọ́dún 1885, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ni réluwé kékeré kan ń gbà kọjá, kò ní awakọ̀, lẹ́tà àti ẹrù pósófíìsì nìkan ló sì ń kó láti Paddington dé Whitechapel. Oṣù Kejìlá ọdún 1927 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn èèyàn máa ń fi lẹ́tà sápòótí, wọ́n sì fẹ́ kó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àfi kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kí réluwé òru tó gbéra. Kérésì wá sọ ẹrù náà di ìlọ́po. Ọdún 1843 ni Henry Cole tẹ káàdì Kérésì àkọ́kọ́ jáde, ẹgbẹ̀rún kan péré. Nígbà tó fi máa di àkókò tí à ń sọ yìí, ilé tí kò ní fi káàdì ránṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Títí di 1960 pàápàá, wọ́n ṣì ń pín lẹ́tà ní England lọ́jọ́ Kérésì gan-an.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á to lẹ́tà kí sítáǹpù gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á dúró níwájú pẹpẹ onígi tó ní ihò 48, á máa ju lẹ́tà sínú ihò ìlú tàbí àdúgbò tó ń lọ. Kóòdù àdírẹ́sì tí wọ́n dán wò ní Norwich lọ́dún 1959 kò kárí orílẹ̀-èdè títí di 1974. Ojú ni wọ́n fi ń ka ohun tí ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ kọ, bó ti wù kó rí wọ́gọwọ̀gọ tó.

Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti wọ inú iṣẹ́ náà. Ọmọ Abẹ́òkúta tàbí Iléṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè mọ abúlé kan ní Wales. Ó di dandan kó yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ibo lèyí ń lọ?" Bí ẹ̀gbọ́n ò bá mọ̀ ọ́n, ará Ireland tó wà lápá kejì á mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ò dílẹ̀, bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe àáró lóko ẹnìkan. Ará Jàmáíkà ń sọ tìlú rẹ̀, ará Gánà ń bá ọmọ Yorùbá jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, tíì gbígbóná sì ń dúró dè wọ́n nígbà ìsinmi.

Kì í ṣe gbogbo ògbólógbòó òṣìṣẹ́ ló rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò yìí o. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìta ṣe rí. Títí òfin ọdún 1968 tó tako ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi dé, onílé lè kọ̀ láti fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá, kí ó sì lẹ ìkéde bẹ́ẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya akẹ́kọ̀ọ́ ló kó ọmọ wọn fún alágbàtọ́ òyìnbó lọ́nà jíjìn, nítorí iṣẹ́ àti ìwé kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Fún ẹni tó ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀, kí èèyàn pè é lórúkọ lóru, kó sì bù tíì fún un, ohun ńlá ni.

Owó náà kò dára rárá, kò sì yẹ ká fi ìfẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pósófíìsì tí iṣẹ́ tiwọn kì í ṣe onígbà díẹ̀ pàápàá daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 47 lọ́dún 1971 nítorí owó iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀rọ ló ń ka àdírẹ́sì báyìí. Wọ́n ti réluwé abẹ́ ilẹ̀ yẹn pa lọ́dún 2003. Láti 2017 ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ń sanwó wọ̀ ọ́. Pósófíìsì ṣì ń gba èèyàn ní Kérésì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà sì wà nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá, níbi tí ẹ̀rọ ọwọ́ ti ń ka iye ẹrù tí olúkúlùkù gbé ní wákàtí kan. Wọn kì í ráyè bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ohunkóhun, ẹ̀rọ náà ti sọ ibi tí ẹrù ń lọ fún wọn. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó jẹun, tàbí tí wọ́n bá jọ wọ bọ́ọ̀sì ìdájí padà sílé, ni wọ́n tó ń mọ orúkọ ara wọn.