Wendell Scott àti Ife-Ẹ̀yẹ Jacksonville

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní ti Wendell Scott, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó fi eré-ìje ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ ṣe, òtítọ́ kò pẹ́. Ẹ̀yẹ ni ó pẹ́.

Danville, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni a bí i sí ní 1921. Ó tún ọkọ̀ ṣe fún àwọn ọmọ-ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1961 ó wọ ìdíje NASCAR tí ó ga jù lọ; òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń tún ọkọ̀ náà ṣe.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 1963, ní Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida, Scott ni ó borí. Síbẹ̀, Buck Baker, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ fún. Ìgbà tí èrò ti túká tán ni àwọn aláṣẹ tó jẹ́wọ́ pé Scott ni ó ṣe ipò kìíní. Wọ́n ní àwọn ṣi ìyípo kà ni. Ìdílé Scott kò gbà bẹ́ẹ̀.

Jàǹbá ọkọ̀ ní Talladega ní 1973 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fòpin sí eré-ìje rẹ̀ pátápátá. Ó kú ní 1990. Ní 2021, lẹ́yìn ọdún 58, ni ìdílé rẹ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ NASCAR.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni èyí: àkọsílẹ̀ lè tọ́ kí ẹ̀tọ́ má tíì dé. Orúkọ Scott ti wà nínú ìwé tipẹ́, ṣùgbọ́n Baker ni ojú èrò rí pẹ̀lú ife.